Owó Oṣù Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Àìríṣẹ́ṣe

Lára ẹ̀rí tí a máa ń gbọ́ jùlọ nínú ìjọ ni ti ẹni tí ó rí iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan tàbí ọdún méjì tí ó ti jókòó sílé. Ìjọ á ho ìhó ayọ̀, ẹbí á gbàdúrà, ẹni náà á sì wọ aṣọ tí ó dára jùlọ lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ó tọ́, ó sì yẹ, kí a bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kejì wà tí a kì í sábà gbọ́: pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ẹni náà ti ń gba owó oṣù, gbèsè rẹ̀ kò dín, owó ilé kò pé, ìjà owó sì ti wọ àárín tọkọtaya tí àìríṣẹ́ṣe pàápàá kò lè yà.

Kì í ṣe ìnákúnàá nìkan ni ó ń fa èyí. Ohun tí ó sábà máa ń fà á ni pé a ka owó oṣù àkọ́kọ́ sí owó tuntun, nígbà tí ó jẹ́ pé owó tí ó ti ní olówó ni. Àwọn oṣù tí ó ti kọjá ní ìpín nínú rẹ̀, nítorí gbèsè. Àwọn oṣù tí ó ń bọ̀ ní ìpín nínú rẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò mọ ọ̀la. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìpín méjèèjì yìí ni a tó lè pè ní tiwa. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ní Nàìjíríà ṣe lè pín owó náà, kí iṣẹ́ tuntun lè di ìtura fún ilé rẹ̀ ní tòótọ́.

Kí owó oṣù àkọ́kọ́ tó dé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ni ìṣòro owó parí. Òdìkejì rẹ̀ ni ó sábà máa ń rí. Ẹni tí kò níṣẹ́ lè jókòó sílé kí ó má náwó ọkọ̀. Ẹni tí ó ríṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lójoojúmọ́, kí ó jẹun lọ́sàn-án, kí ó sì wọ aṣọ tí ó mọ́, nígbà tí owó oṣù ṣì wà lọ́nà. Bí owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ bá jẹ́ ₦1,500 lójúmọ́, ọjọ́ 22 tí a ó fi ṣiṣẹ́ nínú oṣù kan yóò gba ₦33,000 kí kọ́bọ̀ kan tó wọlé. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá wọṣẹ́ ní àárín oṣù yóò dúró títí di ìparí oṣù kejì. Ní iṣẹ́ ìjọba, ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i kí orúkọ òṣìṣẹ́ tuntun tó wọ ìwé àwọn tí wọn ń san owó fún.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta wà tí ó yẹ kí a bi agbanisíṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ wo ni ẹ ń san owó oṣù? Ṣé tèmi yóò wọlé ní oṣù yìí tàbí ní oṣù tí ń bọ̀? Kí ni ẹ ó yọ nínú rẹ̀? Kò sí àìlójúti nínú ìbéèrè yìí. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Àlàfo tí ó wà láàrin ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ owó àkọ́kọ́ ni ìdẹkùn ti máa ń mú ènìyàn. Àwọn ayánilówó orí fóònù mọ̀ pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ nílò owó kíákíá. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Bí ẹnìkan bá yá ₦40,000 fún ọgbọ̀n ọjọ́ pẹ̀lú èlé ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, ₦46,000 ni yóò dá padà. Bí kò bá rí i san, tí ó sì ń san èlé ₦6,000 nìkan lóṣooṣù kí wọ́n lè fún un láyè, ní ìparí oṣù karùn-ún yóò ti san ₦30,000, síbẹ̀ ₦40,000 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ ní pípé. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwọ̀fà ṣe máa ń rí. Ìwọ̀fà a máa ṣiṣẹ́ fún olówó lọ́pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kì í dín gbèsè kù. Èlé ni iṣẹ́ náà jẹ́. Ìwọ̀fà ti di ohun ìtàn, ṣùgbọ́n irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kò tí ì kúrò láàrin wa.

Ohun tí ó sàn jù ni kí a wá owó ọkọ̀ oṣù àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní gba èlé: ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́, tàbí ẹgbẹ́ inú ìjọ. Kí a sì sọ iye náà ní pàtó, ₦33,000 fún owó ọkọ̀, kì í ṣe pé kí a kàn ní “ẹ ràn mí lọ́wọ́.” Kí a gbé oúnjẹ láti ilé. Aṣọ méjì tí a ń fọ̀, tí a sì ń lọ̀, tó fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Iye tí wọ́n sọ àti iye tí yóò wọlé

Iye tí ó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ kọ́ ni iye tí yóò wọ báńkì. Ohun méjì ni ó sábà máa ń dín in kù: owó ìfẹ̀yìntì àti owó orí.

Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, òṣìṣẹ́ yóò dá ó kéré tán ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ yóò sì fi ó kéré tán ìdá mẹ́wàá kún un. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi owó méjèèjì ránṣẹ́ láàrin ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí ó bá ti san owó oṣù. Ẹni tí ó ti ní àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kò gbọdọ̀ ṣí òmíràn. Nọ́ńbà kan náà ni yóò fún agbanisíṣẹ́ tuntun. Òfin yìí kan náà ni ó gba ẹni tí kò tí ì pé àádọ́ta ọdún láyè láti gba owó tí kò ju ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún àkáǹtì náà, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ti gba irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà ìṣòro kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé owó ọjọ́ ogbó rẹ̀ ti dín, kí ó sì rí i dájú pé agbanisíṣẹ́ tuntun ń san ti oṣooṣù bí ó ti yẹ.

Ní ti owó orí, òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, kò gba nǹkankan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí ó yẹ kí a san owó orí lé lórí lọ́dún. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹni tí ó ń san owó ilé lè ní kí wọ́n yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún náà kúrò kí wọ́n tó ṣe ìṣirò, bí ìyẹn kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Nítorí náà, kí a gba rìsíìtì lọ́wọ́ onílé, kí a sì tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tí wọ́n fún ní ₦200,000 lóṣù, tí ó sì ń san ₦240,000 fún owó ilé lọ́dún, ṣe àpẹẹrẹ. Bí gbogbo owó oṣù náà bá wọ ìṣirò, ₦16,000 ni yóò lọ fún owó ìfẹ̀yìntì. Owó orí rẹ̀ yóò jẹ́ ₦204,000 lọ́dún, èyí tí í ṣe ₦17,000 lóṣù. Ohun tí yóò wọlé fún un ni ₦167,000. Ẹni tí ó bá ti fi ₦200,000 ṣe ìlérí kiri kí oṣù tó parí ti jẹ gbèsè ₦33,000 tí kò mọ̀.

Gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè

Lẹ́yìn èyí, kí tọkọtaya jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí wọ́n kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀: orúkọ olówó, iye owó, àti bóyá èlé wà lórí rẹ̀. Owó onílé yóò wà níbẹ̀, àti ti ìyá oníṣọ́ọ̀bù tí ó fún wọn ní gàrí àti ìrẹsì láwìn, àti ti báńkì.

Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà tí kì í sí nínú ìwé náà, òun ni ó sì wúwo jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé, nígbà tí iṣẹ́ ọkọ bá bọ́, òwò ìyàwó ni gbogbo ilé á fi jẹun. Èrè kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, owó òwò fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀, sínú owó ilé ìwé, sínú oògùn, sínú ìkòkò ọbẹ̀. Obìnrin tí ó ń ta àpò ìrẹsì mẹ́ta tẹ́lẹ̀ á di ẹni tí ó ń ta kóńgò. Kò bú, kò kà á sọ́rùn ẹnikẹ́ni, nítorí pé ilé òun náà ni. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ bá dé, kò sí ẹni tí ó rántí pé igbá ìyàwó ti ṣófo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí níbi tí ó ti jẹ́ pé ìyàwó ni kò níṣẹ́, tí ọkọ sì ta ọ̀kadà tàbí irinṣẹ́ rẹ̀ kí ilé má baà tú.

A gbà pé gbèsè yìí yẹ kí ó wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú iye rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ìfẹ́ nìkan. Ilé tí ó ní ọ̀nà owó méjì kò ní wó bí ọ̀kan bá dí. Ẹni tí ó bá dá owó òwò aya rẹ̀ padà ti kọ́ odi sẹ́yìn iṣẹ́ tuntun rẹ̀.

Ta ni kí a kọ́kọ́ san?

Kí a kọ́kọ́ tọ ẹni tí gbèsè rẹ̀ ní èlé lọ, pàápàá báńkì. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí ó jẹ́ kí báńkì tí ẹnìkan jẹ ní gbèsè lè gba owó náà pẹ̀lú èlé rẹ̀ láti inú àkáǹtì ẹni náà ní báńkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ṣí àkáǹtì tuntun fún iṣẹ́ tuntun lè jí ní ọjọ́ owó kí ó bá àkáǹtì náà lófìfo, tí owó ọkọ̀ pàápàá ti bá gbèsè àtijọ́ lọ. Kò sí ibi ìfarapamọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí a lọ sí báńkì náà kí owó oṣù tó dé, kí a fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ hàn wọ́n, kí a sì bẹ̀ wọ́n láti pín gbèsè náà sí oṣù mélòó kan. Kí àdéhùn náà wà ní kíkọ sílẹ̀.

Àwọn olówó yòókù náà, kí a lọ bá wọn fúnra wa. Ọ̀pọ̀ onílé ni yóò fara balẹ̀ fún ẹni tí ó wá sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo ti ríṣẹ́, n ó máa mú ₦8,000 wá lóṣooṣù,” tí ó sì mú un wá lóòótọ́. Owó kékeré tí kò yẹ̀ ń dá iyì padà ju ìlérí ńlá lọ.

Bí ìpín náà ṣe lè rí

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń gba ₦167,000. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó jẹ onílé ní ₦80,000, báńkì ní ₦60,000, oníṣọ́ọ̀bù ní ₦30,000, owó òwò aya rẹ̀ tí ilé ti jẹ sì jẹ́ ₦70,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦240,000. Ó lè pín owó oṣù rẹ̀ báyìí:

Ìdá mẹ́wàá àti ọrẹ: ₦20,000
Owó ọkọ̀: ₦33,000
Oúnjẹ, yàtọ̀ sí ohun tí òwò aya ń mú wá: ₦42,000
Gáàsì, iná, omi àti fóònù: ₦12,000
Owó ilé ọdún tí ń bọ̀: ₦20,000
Àwọn òbí: ₦8,000
Gbèsè: ₦24,000
Owó ìpamọ́: ₦8,000

Ẹ kíyèsí owó ilé. Ọdọọdún ni onílé ń gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni owó ń wọlé. Ẹni tí kò bá ya ₦20,000 sọ́tọ̀ lóṣooṣù yóò tún di ajigbèsè ní ọjọ́ tí ọdún bá yípo. Ẹ kíyèsí gbèsè pẹ̀lú. Pẹ̀lú ₦24,000 lóṣù, gbogbo ₦240,000 yóò tán ní oṣù mẹ́wàá, bí a bá ti bá báńkì ṣe àdéhùn tí èlé kò fi gorí èlé. Láti oṣù kọkànlá, ₦24,000 náà di òmìnira. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà náà, ilé náà gbọ́dọ̀ máa gbé ìgbé ayé tí ó sún mọ́ èyí tí ó ń gbé kí iṣẹ́ tó dé. Kò dùn, ṣùgbọ́n ó ní òpin tí a lè fi ìka kà.

Owó ìpamọ́

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè pé, ẹni tí ó ní gbèsè, kí ni ó ń pa owó mọ́ fún? Ìdí kan ni pé iṣẹ́ tuntun kò tí ì ta gbòǹgbò. Lábẹ́ Òfin Iṣẹ́ ní Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ tí òfin náà kàn, tí kò tí ì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ni a lè dá dúró pẹ̀lú ìkìlọ̀ ọjọ́ kan péré, àyàfi bí àdéhùn rẹ̀ bá sọ ohun tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà títí di ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni. Ìdí kejì ni pé bí ọmọ bá ṣàìsàn lóru tí kò sí owó nílé, ọ̀dọ̀ ayánilówó ni a ó tún padà sí. Jósẹ́fù ní Íjíbítì kò dúró de ìyàn kí ó tó kọ́ àká. Ọdún ọ̀pọ̀ ni ó fi ń kó ìdá kan nínú márùn-ún pamọ́.

Ibi tí a ń pa owó mọ́ sí ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó bá ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ mọ̀ pé ìdájọ ọjọ́ kan nínú oṣù ni owó iṣẹ́ alájọ. Èyí kò burú fún ẹni tí owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní èrè. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ tàbí ti ìjọ sàn jù fún owó tí ó fẹ́ pẹ́, nítorí pé ó ń pín èrè, ó sì ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó pẹ̀lú èlé tí kò ga. Ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ tuntun má ṣe jẹ́ kí wọ́n yọ owó tí ó pọ̀ jù nínú owó oṣù rẹ̀ nítorí ìrètí ẹ̀yáwó.

Àwọn tí ń retí

Bí ìròyìn iṣẹ́ bá ti jáde, àwọn ará ilé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Wọn kò ṣe ohun tí ó burú. Àwọn kan nínú wọn ni ó fún wa ní oúnjẹ jẹ nígbà tí kò sí. Ìdáhùn tí ó dára ni èyí tí ó ní iye àti ọjọ́ nínú. “Mọ́mì, ₦8,000 ni agbára mi ká báyìí, yóò máa dé ní ọjọ́ kẹta oṣù. Bí gbèsè bá tán, n ó fi kún un.” Ìyá tí ó mọ ohun tí yóò gbà àti ìgbà tí yóò gbà á ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ju ẹni tí a ṣèlérí púpọ̀ fún lọ. Ní ti ankó àti ìnáwó ọ̀rẹ́, kí a fi ẹsẹ̀ yọjú, kí a fi ọwọ́ ṣe ìrànlọ́wọ́. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ọ̀rọ̀ fún àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run

A fẹ́ fi ìrẹ̀lẹ̀ bá àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ni ó ń fi owó ẹ̀yá ṣe ìdúpẹ́ nítorí ojú ayé: aṣọ tuntun, ohun mímu, ọrẹ tí a kéde. Ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ó yé wọn pé ọrẹ tí ó ti inú ohun tí a ní wá tẹ́ Ọlọ́run lọ́rùn, àti pé sísan gbèsè ẹlòmíràn pẹ̀lú jẹ́ ara òdodo. Bí ó bá ṣe é ṣe, kí ìjọ ní àpò kékeré kan tí yóò máa yá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ní owó ọkọ̀ oṣù kan láìsí èlé, kí ó máa dá a padà ní ìpín mẹ́ta. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó lè dá ènìyàn dúró kí ó má ṣubú sọ́wọ́ ayánilówó ní ọ̀sẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa yọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́, a bá yín yọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ mú ìwé àti bírò lálẹ́ òní, ẹ pe ọkọ tàbí aya yín jókòó, kí ẹ sì fi gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ yín. Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà tọ́jọ́. Àmín.